Wákàtí Kan Péré sí Àbújá

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Ọlọ́run! Èyí ò tíì dé Inísà o, ẹ tún un hó! Ògo!

Èmi nìyí, Ìyá Dámilọ́lá, tíṣà yín ní Ìkìrun níbí. Àbúrò mi, Bọ́lá, bímọ sí Àbújá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ Bọ́lá sì ru, kò fẹ́ wálẹ̀. Dókítà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun kó ìpayà bá a o. Ẹ̀mí rẹ̀ wà níbẹ̀." Bọ́lá ní Màámi lòun fẹ́ rí. Ta ni kò ní fẹ́ Màámi? Ta ni yóò wẹ ọmọ náà, tí yóò fi òrí pa á lára?

Màámi, tí wọ́n ń gbé Inísà, fẹ́ wọ mọ́tò. Mo ní láéláé! "Odindi ọjọ́ kan lẹ máa lò lójú títì. Láti Ìbàdàn sí Àbújá, wákàtí kan péré ni bàlúù ń lò. Tó bá ti balẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó de ọkọ Bọ́lá."

Wọ́n ní, "Wákàtí kan? Mo máa ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ kí mọ́tò Òṣogbo tó kún."

Mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn. Kí n tó padà dé Ìkìrun, wákàtí kejì ti kọjá. Ọkọ Bọ́lá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, bàlúù wọn ò dé o. Wọ́n ní ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀run, kò ríbi balẹ̀ sí." Mo pe Màámi, kò wọlé. Mo tún pè wọ́n, kò wọlé. Jésù! Bọ́lá náà pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi dà?" Mo ní wọ́n ń bọ̀. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bú sẹ́kún.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run! Fóònù Màámi pè mí! Ohùn obìnrin kan ni: "Ẹ kú ọ̀sán mà. Ará Òkúkù ni mí, èmi àti màmá la jọ wọ bàlúù. Wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò ní dìde, àna àwọn ń bọ̀. Mo bá wọn tan fóònù wọn ni. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Màámi!"

"Kí ló dé tí o fi ń pariwo? Mo ti dé Àbújá. Mi ò mọ̀ pé Yorùbá pọ̀ tó báyìí níbí! Ọkọ Bọ́lá nìkan ni ò tíì dé."

Ará ìjọ, Èkó ni wọ́n wà! Arábìnrin yẹn ló ṣàlàyé fún mi. Màámi ti sùn lọ fọnfọn nínú bàlúù. Bàlúù dé òkè Àbújá, kò rí ilẹ̀, ó yí padà, ó balẹ̀ sí Èkó. Wọ́n kéde rẹ̀ lédè Òyìnbó, ṣùgbọ́n tèmi ni Màámi gbọ́: tó bá ti balẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Arábìnrin yẹn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí ọyẹ́ ká, wọ́n jọ wọ bàlúù padà, ó sì fà wọ́n lé ọkọ Bọ́lá lọ́wọ́. Olúwa á ràn án lọ́wọ́ bó ṣe ran ìyá mi lọ́wọ́! Màámi jókòó ti Bọ́lá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, dókítà yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní, "Ó ti ń wálẹ̀. Kí lẹ fún un?" Ìyá rẹ̀ ni wọ́n fún un, dókítà!

Ẹ ṣé o, Olúwa! Ẹ ṣé, ẹ ṣé! Ìwọ tó ń pe èèyàn rẹ lónìí tí kò wọlé, má bọ́hùn. Ọlọ́run mọ ibi tó jókòó sí. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá sílé Ọlọ́run, mo pè wọ́n. Bọ́lá ń bá Màámi jà pé omi ọmọ ti gbóná jù. Ó ń jà o! Ẹni tí wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ wà níbẹ̀! Ẹ dìde, ẹ bá mi dúpẹ́.