Ìrù Sàtánì Ni Mo Fà

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di opó lójú gbogbo ìjọ, mo dúpẹ́ o! Fada, ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù Ọlọ́run ló wà lára mi láti Sátidé. Ẹni tó bá mọ èmi Ìyá Tọ́pẹ́ mọ̀ pé n kì í dákẹ́.

Àwọn tí wọn ò sí níbẹ̀, ẹ gbọ́. A fẹ́ ṣe dírámà àwọn áńgẹ́lì tó ṣọ̀tẹ̀, tí Ọlọ́run lé kúrò lọ́run. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa ṣe é, ọkàn mi ti wà lára Míkáẹ́lì. Mo ti ní aṣọ funfun nílé! Wọ́n gbé Míkáẹ́lì fún Mọ́mì Bẹ́nádẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní torí pé wọ́n ga. Èmi tí n kì í fi Rósárì ṣeré, wọ́n ní kí n wá ṣe ẹ̀mí èṣù. Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi tó ń kọ́ni ní póólì, àwọn ni wọ́n fi ṣe Sàtánì fúnra ẹ̀, nítorí ohùn wọn. Inú bí mi gan-an. Mo ní, ṣé ilé wa nìkan ni wọ́n ti rí ará ọ̀run àpáàdì ni?

Ṣùgbọ́n Fada ti sọ̀rọ̀. Mo fi agboòrùn tó ti kán ṣe ìyẹ́ dúdú fún ara mi, mo sì fi páálí ṣe ìwo fún èmi àti ọkọ mi. Mo wá ṣe ìrù fún ọkọ mi, okùn tó ki ni mo fi aṣọ dúdú wé, mo rán an mọ́ ìdí ṣòkòtò wọn pinpin. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé o fẹ́ kí n máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ni?" Mo ní ohun tí èmi bá rán kì í tú.

Nígbà tó di Sátidé, oòrùn Ọ̀fà yìí mú! Ọkọ mi ní Sàtánì ò lè jókòó sínú oòrùn. Ni wọ́n bá ní ká gbé ìtẹ́ wọn sábẹ́ táńkì omi tó wà lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, torí ibẹ̀ nìkan ni ìbòòji wà. A to pákó, a gbé àga lé e, a ta aṣọ pupa yí i ká, ìyẹn ni iná. Irin yẹn ti dípẹtà, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

Èrò pé bìbà. Àwọn ará Ìjàgbó gun ọ̀kadà wá. Kódà Alhaja, aládùúgbò wa, gbé àga tiwọn wá láti ilé. Dírámà ń dùn. Ọkọ mi jókòó lórí ìtẹ́, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n bú ramúramù: "Èmi ò ní forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni!" Ibẹ̀ gan-an ni Katikísìtì lu agogo ọ̀sán.

Ẹ̀yin náà mọ ìjọ wa. Bí agogo Ánjẹ́lọ́ọ̀sì bá ti dún, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ ẹ, wàá jù ú sílẹ̀, wàá kọjú sí ère Màríà, wàá gba àdúrà tí a fi ń kí i. Míkáẹ́lì ju idà sílẹ̀. Àwa ẹ̀mí èṣù, tìwo-tìyẹ́, gbogbo wa kọjú sí Màríà. Alhaja pariwo pé, "Hàáà! Ìyá Tọ́pẹ́, Ṣàítánì yín náà ń kírun?"

Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé a ò lè kí Ìyá Olúwa lórí ìtẹ́ Sàtánì. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ní fún àwọn tó kù lórí pákó pé, "Ẹ sọ̀kalẹ̀! Gbogbo yín, ẹ kúrò níbẹ̀!" Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ó ku ọkọ mi. Wọn kì í pa Mísà jẹ o, ṣùgbọ́n tó bá ti di ti Ánjẹ́lọ́ọ̀sì, iṣẹ́ á máa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó pa. Wọ́n ní, "Jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná. Ṣebí dírámà ni." Mo ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, Màríà lẹ ń dá dúró yẹn?" Wọ́n tún na ọwọ́ sókè. Ni mo bá gbá ìrù mú.

Ẹ̀yin ará, mo fà á! Gbogbo ìbínú tí mo ti ń dì sínú látorí ọ̀rọ̀ Míkáẹ́lì, mo fi fa ìrù yẹn. Kò já. Sàtánì bọ́ lórí ìtẹ́, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Mọ́mì Bẹ́nádẹ́ẹ̀tì, ó wọ́ èmi tí mo di ìrù mú tẹ̀ lé e. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ẹnu láti bú mi ni a gbọ́ tí nǹkan dún lókè. Irin yẹ̀. Táńkì tó kún dẹ́nu já lulẹ̀, orí àga yẹn gan-an ló balẹ̀ sí. Àga rún wómúwómú. Omi ya lu gbogbo wa, ó gbé iná ọ̀run àpáàdì wa lọ. Ẹnikẹ́ni ò fara pa!

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Allāhu Akbar!" Fada fúnra wọn ló dáhùn, "Àmín!" Ọkọ mi wo àga, wọ́n wo ìrù tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwo kan ṣoṣo ló kù lórí wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Mo kí ọ, Màríà..." Ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Àwa la bá wọn parí ẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ká ní wọ́n fún mi ní Míkáẹ́lì ni, ọ̀dọ̀ àwọn áńgẹ́lì rere lọ́hùn-ún ni ǹ bá wà. Ta ni ì bá fa ìrù? Há, Ọlọ́run yìí tóbi! Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Àwọn áńgẹ́lì ọjọ́sí kọ̀, wọn ò forí balẹ̀, wọ́n ṣubú, wọ́n ṣègbé. Sàtánì tèmi ṣubú, ó yè!

Mo fẹ́ tú ìrù náà kúrò lánàá, kí n lè fọ ṣòkòtò. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ṣòkòtò pẹ̀lú ìrù kọ́ sábẹ́ àgbélébùú nínú pálọ̀, tòun ti ẹrẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run! Orin wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n, mo rí Katikísìtì tí wọ́n ti ń lọ sídìí agogo. Ẹ bojú wẹ̀yìn díẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Agogo ò tíì dún o. Ẹnìkan ti dìde, ó ti kọjú sí Màríà. Ọkọ mi nìyẹn.