Ìsàlẹ̀ Àpò Ni Mo Wò

Inú ọkọ̀ tó ń dúró de èrò ní ibùdókọ̀ Ádúwàwá ni mo ti gbọ́ bàbá kan tó ń bi ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ólíhà léèrè nípa ìpàdé ẹgbẹ́ wọn tí òun ò lè wá.

"Wọ́n ní ẹ lé ọkùnrin tó fẹ́ ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, fún wa lọ."

"Mi ò lé e. Ó gbé ìwé ńlá kan wá, àwòrán ilé-iṣẹ́ rẹwà níwájú, ó ní ká máa buwọ́ lùwé. Èmi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹ̀yìn."

"Kí ló dé?"

"Bàbá, òkè àpò ni wọ́n ń kó ẹ̀wà tó dáa sí. Ìsàlẹ̀ àpò ni mo máa ń wò. Ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà tín-ín-tín, pé ẹjọ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà ní kóòtù."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun ò rò pé a máa kà á débẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Mo gbọ́ tí bàbá náà ń tú báàgì rẹ̀, tí bébà ń dún.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ẹ̀yìn ìwé tèmi yìí náà."