Bí Màmá Bá Dìde

Inú máíkírà tó ń ti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, èmi àti àwọn méjèèjì la jọ wà lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ó di oṣù mẹ́ta tí o ò yọjú sí agboolé. Ìyàwó ẹ ní fíìmù tí òkú ti ń dìde jẹ èèyàn yẹn ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, apá kẹsàn-án ni mo wà báyìí. Ká sòótọ́, ó ti gùn jù. Wọ́n á mọ ògiri, àwọn òkú á wó o, wọ́n á tún sá lọ mọ òmíràn. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù mọ́. Ibi tí ọmọ kan ti fi irin fọ́ orí ìyá tó bí i, kí ìyá má bàa bù ú jẹ, ibẹ̀ ni ò kúrò lójú mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní agboolé gan-an sì ni sàréè Màmá wà. Ibo ni kí n gbà wọlé?"

"A'ùsùbilláhì! Orí Màmá lo fẹ́ fọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

Awakọ̀ pàápàá yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. A kọjá Mápó. Ohùn obìnrin náà ti lọ sílẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Àwọn tí ò mọ òkú wọn ló ṣe fíìmù yẹn. Bí Màmá bá dìde lónìí, wọ́n á kàn bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun."