Ìkòkò Ẹja Tí Mo Rì Mọ́ Yanrìn

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọge, tí eyín mi pé lẹ́nu, ilé òyìnbó ni mo ti kọ́ oúnjẹ tó ba ayé mi jẹ́. Ràlíà, sún fóònù yẹn mọ́ mi, ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Ìwọ lo ní kí n sọ bí mo ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ ìgbà ọyẹ́. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, má já lu ọ̀rọ̀ mi, má sì máa ṣe “ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá” fún mi. Pẹ̀lẹ́ ò tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ̀pẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Bàbá mi ló mú mi láti Lásùnwọ̀n níbí lọ síbẹ̀. Òyìnbó kan wà níbẹ̀, ará Nọ́wè, ó ń kọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Èmi ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì. Màdáámù ni mo ń pè é. Kì í ṣe irú òyìnbó tó ń jágbe mọ́ọ̀yàn o. Á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà á máa ha ìpẹ́ ẹja.

Ẹja! Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa tí wọ́n bí sétí ọ̀sà lọ. Panla tí ẹ ń rà lọ́jà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá, ṣé o mọ̀? Wọ́n á so ó kọ́ orí igi nínú òtútù títí á fi le gbagidi. Ó ní nílé àwọn, omi máa ń dì, èèyàn á sì máa rìn lórí rẹ̀. Mo ní, “Màdáámù, ẹ ń purọ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Tí ọyẹ́ bá wá dé, tí ètè gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bó, inú Màdáámù á dùn. Ó ní òórùn ilé ni òun ń gbọ́ yẹn. Àsìkò yẹn náà ni omi iyọ̀ máa ń wọ ọ̀sà, tí ẹja kútà á tẹ̀ lé e wọlé. Á ní kí n lọ ra èyí tó sanra. Á là á sí méjì, á yọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, á fi iyọ̀ àti ṣúgà pa ẹran rẹ̀, á da ata dúdú sí i, pẹ̀lú ewé kan tó rí wẹ́wẹ́ bí irun, tó kó wá láti ilé. Á gbé apá kan dé èkejì, á fi aṣọ funfun wé e, á gbé òkúta lé e, ó di inú fíríìjì. Ó ní fíríìjì ti dé ni, pé ilẹ̀ ni àwọn ìyá ńlá òun ń rì í sí. Ohun tí wọ́n ń pè é lédè wọn, ó ní ẹja inú ilẹ̀ ló túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kẹta, á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Láìsè, láìdín! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, díẹ̀ ló kù kí n bì. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta... ó dùn. Mi ò ní purọ́.

Ewé rẹ̀ tán lọ́dún kejì, èmi ni mo ní ká lo ẹfinrin. Ata dúdú tán, mo mú ataare. Ó tọ́ ọ wò, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Àlímọ̀, o ti di ará ilé wa.” Ará ilé wọn... Hmm.

Nígbà tí mo bá ti mú tèmi lọ sílé, mi ò kì í jẹ ẹ́ ní tútù. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi ń se. Gbọ́ èyí dáadáa, torí ẹ̀ lo ṣe wá. Ewùrà tuntun ni o, kì í ṣe iṣu. Rin ín kó kúnná. Gbé ata, epo àti edé kaná kó hó. Gé ẹja oníyọ̀ yẹn sí i, má tún fi iyọ̀ kankan kún un. Kó o wá fi ọwọ́ bu ewùrà náà sí i ní kókó, kókó, kó o dé e, kó o gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Má rò ó! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kò tíì bọ́ sórí iná tán tí ẹ ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ẹja inú yìnyín tí kò ní adùn, èròjà inú ọ̀rá, ẹ ní ẹ se ìkọ́kọrẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ wo?

Ẹ jẹ́ n padà síbi ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọkọ Màdáámù parí, wọ́n lọ sílé wọn, a ò gbúròó ara wa mọ́. Èmi náà lọ sílé ọkọ ní Ẹjìnrìn. Jímọ̀, bàbá ìyá rẹ, ọlọ́kọ̀ ni, òun ló ń kó ẹrù ọjà gba orí ọ̀sà. Ìyàwó mẹ́rin ni wá lágbo ilé yẹn, ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta àti èmi, olúkúlùkù pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń torí ẹ̀ yìn ín. Èmi ni mo kéré jù. Kí ni mo ní? Ẹja inú ilẹ̀ ni mo ní.

Kò sí fíríìjì lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ń gbé àmù sí, yanrìn ibẹ̀ máa ń tutù minimini nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ni mo rì ìkòkò mi mọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kẹta, mo hú u, mo fi se ìkọ́kọrẹ́. Ráúráú ni wọ́n jẹ ẹ́! Ìyá ọkọ mi, Ìyá Ẹjìnrìn ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, fi ìka nu abọ́. Wọ́n pè mí. “Àlímọ̀, kí lo fi sí i?” Mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyá, ọwọ́ mi ni.”

Ọyẹ́ kejì dé, wọ́n tún bi mí. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n máa yin òun? Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, gbogbo ìyàwó ilé á ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan. Ó sì padà jẹ́ tèmi nìkan lóòótọ́.

Ọyẹ́ kẹta ni ẹsẹ̀ Jímọ̀ wú. Ó wú débi pé kò lè wọ ọkọ̀. Wọ́n fi ewé sí i, wọ́n gbé e lọ ọsibítù, kò gbọ́. Ìyá rẹ, Sìkírá, ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ọkọ mi ò jẹun mọ́, mo ní kí n se ohun tó fẹ́ràn fún un. Mo ra kútà, mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é, mo rì í mọ́lẹ̀.

Ajá ọdẹ kan ládùúgbò ló gbọ́ òórùn rẹ̀, ló hú u. Ọ̀sán gangan. Mo wà létí omi, mò ń fọṣọ. Kí n tó dé, agbo ilé ti kún, ìkòkò mi wà láàárín wọn. Ràlíà, fi ojú wọn wò ó. Ìkòkò tí wọ́n hú nínú ilẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú dì. Ẹja tí wọ́n là sí méjì, tó dojú kọ ara rẹ̀. Iyọ̀, ataare, ewé. Nínú ilé tí ẹsẹ̀ ọkùnrin ti ń wú! Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí i nílé onílé, kí ni mo máa pè é?

Ìyá Ẹjìnrìn ò pariwo. “Àlímọ̀, kí lo dì sínú ìkòkò yìí? Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ mi ni?”

Mo ní, “Ìyá, oúnjẹ ni. Ẹja tí mo fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ni. Òyìnbó Ẹ̀pẹ́ ló kọ́ mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàálé mi pòṣé. “Òyìnbó ń rì oúnjẹ mọ́lẹ̀? Ṣé òkú ni?” Ni wọ́n bá ní, bó bá jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, kí n jẹ ẹ́.

Kí n jẹ ẹ́! Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò, mo ya ẹja náà, mo fi sẹ́nu bí Màdáámù ṣe ń ṣe. Mo gbé e mì. Mo tún ya òmíràn. Mò ń retí kí ẹnì kan sọ pé, “Háà, òótọ́ ló ń sọ.”

Ìyàálé mi gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó sá sẹ́yìn. Ta ló ń jẹ ẹja tí iná ò kàn? Ta ló ń jẹ ẹran tútù níṣojú èèyàn? Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ara mi di àjẹ́. Wọ́n wá rántí ọdún méjì tí wọ́n ti ń bá mi jẹ ẹ́. Ìyá Ẹjìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n ń bì, wọ́n ń sọ̀rọ̀: “Mo bi í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín sí mi lójú.”

Jímọ̀ ńkọ́? Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo bá òyìnbó ṣiṣẹ́, mo ti ròyìn Màdáámù fún un títí. Mo wò ó. Ó ń wo ilẹ̀. Ṣìọ̀! Ó lanu jẹ oúnjẹ mi fún ọdún méjì, kò lè lanu gbè mí níjọ́ kan. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná lẹ́yìn tí wọ́n lé mi lọ. Bí kò bá jinná ni, bóyá wọn ì bá ronú.

Wọ́n ní Sìkírá ò ní bá mi lọ, ọmọ ilé ni. Mo sunkún dé Lásùnwọ̀n. Mo tún lọ́kọ, ọmọ míì ò dé.

Lọ́jọ́ ọjà Ẹjìnrìn, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ, bí ẹni tó fẹ́ ra gààrí. Ojú ọmọ mi ni mo ń lọ wò. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kan, mo na àkàrà sí i. Ó kúnlẹ̀ o, wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ó wá di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Ìyá àgbà ní kí n má gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín.” Títí dòní, Ràlíà, mo ṣì ń rí ọwọ́ méjèèjì yẹn.

Ó ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀ báyìí, ní Ìjẹ̀dẹ́. Gbogbo Iléyá ló ń wá kí mi. Á kó aṣọ wá, á kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Omi inú ike tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà ló ń mu nílé mi. Ṣé ó rò pé mi ò rí i ni?

O fi ọkùnrin kan hàn mí lórí fóònù yìí lọ́jọ́sí, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó. Ó ń gé ẹja inú ilẹ̀ yìí kan náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n ń ya fọ́tò. Ta ló lé wọn nílé ọkọ? Ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ wọn? O ní kí n wò ó bó ṣe dára tó. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́.

Ọyẹ́ tó kọjá, mo se ìkọ́kọrẹ́ náà, mo gbé e fún ọ kó o gbé e lọ fún ìyá rẹ. O padà dé pẹ̀lú abọ́ òfìfo. “Màmá, Mọ́mì jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ẹ ṣeun.” Ilẹ̀ lò ń wò nígbà tó ò ń sọ ọ́. Ojú Jímọ̀ gan-an ni. Mi ò bi ọ́ ibi tó o dà á sí... Nu ojú rẹ, mi ò bá ọ jà.

Ọjọ́ tí mo bá kú, ìyá rẹ á wá. Á pa màlúù, á bọ́ gbogbo Lásùnwọ̀n. Òun náà á jẹun nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà, á jẹ yó, torí èmi kọ́ ni mo wà ní kíṣìnnì.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá mọ nǹkan, ẹ máa sọ ọ́. Ìyìn tí mo fi pamọ́ ò ṣe mí láǹfààní kankan. Gbé fóònù yẹn lọ fún ìyá rẹ, kó fi sétí, kó gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Kó wá jókòó níbi tó o jókòó sí yìí, kó bi mí bí ìyá ńlá rẹ̀ ṣe bi mí: “Kí lẹ fi sí i?” Kó sáà bi mí, Ràlíà. Mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́.