Lẹ́tà Tó Wà Lábẹ́ Sítíkà

Ẹ̀yin ará ọjà Wadata ní Niamey yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí náà ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ òótọ́. Èmi Sàláúdéènì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ti ń pè ní Alhaji kí n tó fojú kan Mẹ́kà rárá, èmi ni mo ba orúkọ Ùmàr jẹ́. Ùmàr kò jalè. Bí kò bá forí jì mí, mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ gbé lọ sí Mẹ́kà.

Ẹ rántí Zubaidat, ọmọ olóògbé Àbdùlsàlàm aláṣọ. Nígbà tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí yóò fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ mi ló wá, torí ará ilé ni mí, Yorùbá bíi tirẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí gbogbo oníbàárà ń bi wá. "Bàbá, ṣé tuntun ni? Bí iná bá lọ, ṣé bátìrì rẹ̀ á gbé mi débi kan? Ṣé ooru ibí ò ní pa á? Ṣé iṣẹ́ tí mo bá kọ sínú rẹ̀ ò ní sọnù?" Ẹyọ ìdáhùn kan ni mo fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Wallahi, tuntun ni. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe." Ẹnu mi ò tilẹ̀ kọsẹ̀.

Àlòkù ni, àlòkù tó ti gbó. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀, ti Faransé ni wọ́n sì ń lò níbí, nítorí náà a máa ń lẹ sítíkà Faransé lé e. Kò sẹ́ni tó ń fura sí sítíkà ní Niamey. Ùmàr, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ló bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ ti pa rẹ́. Ó ní, "Haba, Alhaji! Ẹ sọ fún ọmọ yìí pé àlòkù ni." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀.

Wọ́n ní irọ́ tó lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ìgbà ooru kan ṣoṣo ni òótọ́ fi lé e bá. Gọ́ọ̀mù sítíkà yọ́. Zubaidat gbé kọ̀ǹpútà padà wá tẹkún tẹkún: ó ti kú, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ó fi èékánná ṣí sítíkà kan níwájú gbogbo yín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ búra fún mi pé tuntun ni. Ta ló wá tẹ bọ́tìnnì yìí títí lẹ́tà rẹ̀ fi pa rẹ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti wólẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ọjà mi ti bàjẹ́ nìyẹn, ni mo bá nàka sí Ùmàr. Mo ní òun ló jí tuntun gbé, tó fi àlòkù rọ́pò. Ìkà ni mí! Ẹ sì lé e jáde lọ́jà, ẹnì kan sọ bàtà lù ú. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wo ẹnu mi, bí ẹni tó ń retí kí n sọ pé àwàdà ni.

Àṣà wa ni pé kí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà tọrọ àforíjì káàkiri. Mo dúró ní mọ́sálásí, mo ní, "Ohun tí mo bá ṣe fún yín, ẹ forí jì mí." Wọ́n dáhùn pọ̀ pé àwọn ti forí jì mí. Mo délé, ó wá yé mi. Ohun tí mo ṣe fún Zubaidat náà ni mo tún fẹ́ ṣe fún Ọlọ́run: ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láti fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà tuntun lọ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó sọnù ò sí nínú rẹ̀. Mo wá Ùmàr lọ sí àdúgbò Yantala, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Alhaji, ṣé ẹ lè sọ ọ́ ní Wadata, níbi tí bàtà ti bà mí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tajà, bí oníbàárà bá bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóhùn. Ẹ wẹ̀yìn, Ùmàr ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà yẹn. Ẹ yà fún un kó wọlé.

Ùmàr, mo ti sọ ọ́.