Oògùn Tó Páàkì Sẹ́nu Géètì

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run tó ní mi ò ní kú ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tirẹ̀ ni gbogbo ògo!

Ẹ mọ̀ mí, iṣẹ́ kílíárìn, ká máa gba ẹrù jáde ní èbúté, ni mò ń ṣe ní Warehouse Road, ẹ̀rù ẹnikẹ́ni kì í bà mí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí dókítà ní kókó tó wà lọ́mú mi, jẹjẹrẹ ni, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n wá fún mi ní tamoxifen, wọ́n ní kí n máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n ní hómóònù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ tèmi, pé ó ní ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé, oògùn náà á sì lọ jókòó síbẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ó ti yé mi." Àwa tá a mọ Coconut lọ́nà èbúté, bí tírélà kan bá ti páàkì dí ẹnu géètì, ta ló fẹ́ wọlé?

Oògùn yẹn wá ń mú ooru bá mi. Lọ́jọ́ kan, à ń gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ooru gbé mi, mo já gèlè, mo ń làágùn, mo ń mì. Ni àwọn arábìnrin bá dì mí mú, wọ́n ní iná Ẹ̀mí ti bà lé mi. Màmá tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ní iná náà ti jó àìsàn mi tán, kí n kó oògùn wá síwájú pẹpẹ, bá a ṣe máa ń ṣe, kí n má padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Ọkàn mi dàrú. Mo fẹ́ràn Màmá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wà láàyè. Mo kó o wá lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà sí i kó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn àmín, mo gbé oògùn mi, ó di ilé. Màmá fajú ro. Àwọn kan ní alágídí ni mí. Alágídí ni mí lóòótọ́, Ọlọ́run ló sì fi agídí yẹn jíǹkí mi. Àyẹ̀wò tí mo ṣe kẹ́yìn, wọn ò rí nǹkan kan.

Màmá fúnra wọn ló ní kí n sọ èyí tó kù. Nígbà tí àwọn náà fọwọ́ kan kókó lọ́mú, ilé mi ní Boundary ni wọ́n wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mú mi lọ síbi tí o lọ." Àwọn dókítà tètè rí i, irú tèmi náà ni, wọ́n sì fún Màmá ní oògùn kan náà. Láàárọ̀ yìí, kí a tó jókòó, àwọn ló kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti lo oògùn tèmi.

Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀. Èmi àti Màmá, a wà láàyè!