Orúkọ Nìkan Ni Mo Pa Rẹ́

Ẹ gbé ẹ̀bùn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jọ̀ọ́, àtẹ́wọ́ tó. Ẹ ní kí n gba ẹ̀yin ọ̀dọ́ nímọ̀ràn kí n tó fẹ̀yìn tì, pé ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ àwọn ọmọ wò fún ọ́tísímù kò ní ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ó sì ti ń jó mi nínú láti ọjọ́ yìí. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mò ń gbé e wọ sàréè nìyẹn. Òpùrọ́ ni mí. Ẹ má wo ara yín lójú, ẹ ò ṣì mí gbọ́. Òpùrọ́ ni mí, mo sì ba ilé onílé jẹ́. Ọ̀gá, ẹ jókòó o! Ẹ ò ní gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó la ẹnu mi. Ohun tó ní kí n sọ ni mò ń sọ, èyí tó ní kí n má sọ, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Kì í ṣe ọmọ nìkan là ń yẹ̀ wò. À ń bi ìyá léèrè láti orí oyún: ṣé o máa ń rí oorun sùn, kí lọkọ ń sọ, ta ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Obìnrin yìí wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní, "Ọmọ mi, inú yàrá yìí ló parí sí." Ló bá bú sẹ́kún, ó sì sọ gbólóhùn kan nípa ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ tó ti bímọ á mọ ohun tó ń bá a jà. Ẹni tó ti sùn yó á ní ìyá burúkú ni. Mo kọ gbólóhùn náà sínú ìwé àbájáde àyẹ̀wò, bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ló kàn án níbẹ̀? Kò ran ọmọ lọ́wọ́ rárá. Ó kàn jẹ́ kí ìwé mi dà bí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá wa yìí ní kí n wá dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kí n mú àpẹẹrẹ tó ládùn wá. Mo béèrè bóyá kí n gbàyè lọ́wọ́ àwọn òbí. Ẹ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá. Ẹ ní, "Pa orúkọ rẹ́, ó parí." Mo pa orúkọ rẹ́. Mo fi iṣẹ́ bàbá ọmọ sílẹ̀ bó ṣe wà, iṣẹ́ tí kò wọ́pọ̀ rárá nílùú. Mo fi àdúgbò sílẹ̀. Mo fi àpá iwájú orí ọmọ sílẹ̀. Mo fi gbólóhùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà tí ẹ̀rọ ń tàn sára ògiri. Afọ́jú pàápàá á dá wọn mọ̀. Àwọn olùkọ́ fi ìṣe ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pòṣé sí ìyá rẹ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú mi ń dán.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yẹn ń gbé ní òpópónà wọn. Ó sọ fún onídìrí rẹ̀, onídìrí sọ fún gbogbo orí tó ń dì. Nígbà tó fi máa dé etí ìyá ọkọ, kò sẹ́ni tó rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó ọmọ rẹ̀ gan-an ni, kò lé, kò dín, nítorí náà wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. Ìyá ọkọ ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ, ó sì gbé ọmọ lọ sílé tirẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lára ògiri, kò ní jẹun! Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ, ó gbé e mì.

Ọkọ wá pè mí lórí fóònù. "Mà, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ yìí ti jáde?" Ọ̀gá dúró tì mí, wọ́n ń mi orí fún mi. Mo ní rárá o. Ká ní mo dúró níbẹ̀, ǹ bá ní ẹ̀rù ló bà mí. Mo tún fi kún un, "Bóyá ìyàwó yín sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu ọ̀rẹ́." Ta ló bi mí? Ta ló rán mi níṣẹ́? Ṣé ẹ rí àgbàyà? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin náà kẹ́rù kúrò nílé ọkọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò. Ó ní, "Mà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi bo àṣírí. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo ti wádìí ara mi títí, mi ò rántí ẹlòmíì. Àbí mo sọ ọ́ lójú oorun ni?" Ó ti ń rò pé orí òun kò pé mọ́. Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò ra oògùn tí mo bá wá mọ́. Mo ní kó dìde, ká jọ lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ọkọ fọwọ́ bojú, kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá ọkọ ṣépè fún mi, ó sì tọ́ sí mi. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ ti wá pa gbólóhùn yẹn rẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì ni mo rí i pé irọ́ ni mo tún pa. Ọ̀gá ti fi àpẹẹrẹ yẹn kọ́ ẹ̀yin ọmọ tuntun wọ̀nyí, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ̀rín tí mò ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun lẹ ń rín!

Mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ọmọ ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì ti ń kàwé báyìí. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń kà, pátákó, páálí, fóònù ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀rù pé ó lè ka gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ kan ló ń lé oorun lójú ìyá rẹ̀. Ẹ mú fóònù yín jáde, ẹ pa á rẹ́ níṣojú mi. Ọ̀gá, ẹ̀yin la ó fi bẹ̀rẹ̀.